Dísíìkì kan ti kú láti oṣù méje, server ò dákẹ́, kò sì sẹ́ni tó mọ̀

Ọjọ́ kìíní

Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ pè mí ò jọ nǹkan ńlá rárá. Wọ́n ní server àwọn ti ń lọ́ra, pé téèyàn bá tẹ íńfọ́ìsì kan pé kó ṣí, á dúró gbọọrọ kó tó wá, nígbà míì á tún yá kíá bí ẹni pé kò sóhun tó ṣe é tẹ́lẹ̀. Sístà tó ń rí sí àkáǹtì ló bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní "Bọ̀dá, ẹ ṣáà bá wa wò ó, bóyá íntánẹ́ẹ̀tì ni." Mo ní kò burú, mò ń bọ̀.

Server náà kò le rárá: Linux ló wà lórí ẹ̀, dísíìkì mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan 4TB, wọ́n fi mdadm, ètò Linux tó ń so dísíìkì pọ̀, so wọ́n pọ̀ sí RAID 5, ìyẹn ọ̀nà tí dísíìkì púpọ̀ fi ń ṣe bí ọ̀kan, tí iṣẹ́ ò fi ní dúró tí ọ̀kan bá kú. Àyè tó ṣeé lò jẹ́ 12TB. Orí ẹ̀ ni gbogbo ayé ilé iṣẹ́ yẹn wà, dátábéèsì PostgreSQL tó gbé íńfọ́ìsì àti àkáǹtì, àwọn ìwé tí wọ́n ti skáànù láti ọdún pípẹ́, fáìlì àwọn òṣìṣẹ́. Ẹni tó kọ́kọ́ tò ó fún wọn ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́.

Àṣẹ àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀, èyí tó ń fi ipò RAID hàn, ni

cat /proc/mdstat

ó sì gbé [4/3] [UU_U] síwájú mi. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí rí á mọ bí àyà ṣe ń já téèyàn bá rí ìlà kékeré yẹn láàárín àwọn U. U kọ̀ọ̀kan, dísíìkì tó wà láyé ni. Ìlà yẹn, òkú ni.

Mo wọnú lọ́ọ̀gù kí n lè mọ ìgbà tó kú. Oṣù méje sẹ́yìn! Oṣù méje gbáko ni server yìí fi ń ṣiṣẹ́ lórí dísíìkì mẹ́ta, iná wà lórí òrùlé, gbogbo wọn ń sùn. Kì í sì í ṣe pé mdadm ò sọ ọ́ o, ó sọ ọ́, ọjọ́ náà gan-an ló kọ ímeèlì, àmọ́ root ló kọ ọ́ sí, ìyẹn àpótí lẹ́tà tó wà nínú server fúnra ẹ̀ tí ẹnì kankan ò ṣí wò rí. Mo bá lẹ́tà náà níbẹ̀, wọn ò tíì kà á. Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí nìyẹn, ó dùn mí ju dísíìkì tó kú lọ, torí dísíìkì á kú ṣá, ẹ̀rọ tó ń yí nígbà 7200 láàárín ìṣẹ́jú kan tọ̀sán tòru, ọjọ́ kan á jọ́kan tí kò ní yí mọ́.

Ibi tí RAID ti ń kó èèyàn síyọnu nìyí. Látìgbà tí Patterson, Gibson àti Katz ti kọ̀wé nípa ẹ̀ ní Yunifásítì California ní Berkeley lọ́dún 1988, iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ gbé e kalẹ̀ ò yí padà, pé tí dísíìkì kan bá kú, kí iṣẹ́ má dúró. Ó sì ń ṣe é dáadáa débi pé ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ò ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi òǹkà ṣàlàyé ẹ̀: ká ní dísíìkì mẹ́ta ní 5, 3 àti 9, ẹ̀kẹrin á tọ́jú àròpọ̀ wọn, 17. Tí èyí tó ní 9 bá sọ nù, a yọ 5 àti 3 kúrò nínú 17, 9 padà wálé. XOR, irú ìṣirò kan lórí bíìtì, ló ń lò ní tòótọ́, kì í ṣe àròpọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń pín àròpọ̀ náà káàkiri gbogbo dísíìkì ni, àmọ́ ọgbọ́n kan náà ni. Tí méjì bá wá sọ nù lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Kò sí ìṣirò tó lè gbé wọn padà.

Nítorí náà mo fi smartctl, irinṣẹ́ tó ń to ìlera dísíìkì ní nọ́ńbà nọ́ńbà, yẹ àwọn mẹ́ta tó kù wò. Méjì mọ́. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rù bà mí sí: nọ́ńbà 5, ìyẹn iye sẹ́kítọ̀ (àwọn ìpín kékeré orí dísíìkì) tó ti bàjẹ́ tí dísíìkì ti fi òmíì rọ́pò, ti di 312. Nọ́ńbà 197, àwọn tí kò rí kà mọ́ tó ṣì ń dúró, 56. Nọ́ńbà 198, àwọn tí kò ṣeé kà, òun náà 56. Nọ́ńbà 199 jẹ́ òdo, ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé kì í ṣe ẹjọ́ kébù, torí kébù tí ò wọlé dáadáa máa ń mú 199 gòkè. Ìdí tí server fi ń lọ́ra nìyẹn: gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá ti béèrè nǹkan tó wà níbi tó bàjẹ́ yẹn, dísíìkì á máa kà á, á tún un kà, á tún un kà, gbogbo ọ́fíìsì á sì máa wò ó.

Dísíìkì kan kú, ìkejì ń kú lọ, RAID 5 sì rèé. Mo ní kí gbogbo wọn jáde kúrò lórí ẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo fi pg_dump gbé dátábéèsì jáde sórí kọ̀ǹpútà mi kí n tó ṣe ohunkóhun, torí òun ni wọn ò lè tún rí níbòmíì, kò sì tóbi. Ó jáde láìsí àṣìṣe, ọpẹ́ ni. Mo wá bi wọ́n pé bákọ́ọ̀pù ńkọ́, wọ́n ní ó wà, pé aláalẹ́ ló ń ṣe ara ẹ̀. Mo wò ó. Òótọ́ ni, rsync ń ṣiṣẹ́ ní aago 1 lóru, ó ń kó gbogbo fáìlì láti fódà kan lọ sí fódà míì, lórí md0 kan náà (orúkọ tí Linux ń pe RAID yẹn), lórí dísíìkì mẹ́rin kan náà. Mi ò bá wọn wí, torí ẹni tó ṣe é fún wọn ló yẹ kó mọ̀. Mo kàn ṣàlàyé fún ọ̀gá wọn pé tí ilé bá jó, kọ́kọ́rọ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì tó wà nínú ilé yẹn á bá a jó ni.

Mo pa server.

Ọjọ́ kejì

Nǹkan méjì ni ọwọ́ máa ń yá èèyàn láti ṣe nírú ipò yìí, àwọn méjèèjì ló sì lè ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Àkọ́kọ́, kéèyàn ra dísíìkì tuntun, kó kì í bọ ibi tí òkú wà, kó ní kí RAID bẹ̀rẹ̀ àtúnkọ́. Àtúnkọ́ yẹn gbọ́dọ̀ ka gbogbo sẹ́kítọ̀ tó wà lórí àwọn mẹ́ta tó kù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, títí kan àwọn 56 tí kò ṣeé kà yẹn, tó bá sì kan wọ́n, àtúnkọ́ lè dá dúró sáàárín tàbí kí wọ́n lé dísíìkì aláìsàn náà jáde, gbogbo ẹ̀ á sì parí síbẹ̀. Èkejì, kéèyàn fi --force mú dísíìkì tó ti jáde láti oṣù méje padà wọlé bí ó bá ṣì ń yí. Ohun tó wà lórí ẹ̀ jẹ́ ti oṣù méje sẹ́yìn! Tí wọ́n bá dà á pọ̀ mọ́ ti òní, ìṣirò á jáde, àmọ́ irọ́ ni á máa jáde, fáìlì á sì bàjẹ́ láìpariwo.

Ọ̀nà tó dáa ni kí n kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà dísíìkì tó ń kú yẹn, sẹ́kítọ̀ sí sẹ́kítọ̀, sórí dísíìkì tuntun, kí ẹ̀dà yẹn wá jókòó sípò ẹ̀. GNU ddrescue ni mo lò. Mo ra dísíìkì tuntun mẹ́ta, láti ọwọ́ olùtajà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n má baà jẹ́ ọmọ ìyá kan náà tó jáde nílé iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, torí àwọn tí wọ́n jọ jáde, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ooru kan náà, wọ́n lè jọ ṣàárẹ̀. Mo sì rí i dájú pé wọn kì í ṣe irú SMR, àwọn tó ń kọ ìlà lé ìlà lórí bí páànù òrùlé, torí irú ẹ̀ máa ń falẹ̀ gan-an nínú àtúnkọ́.

Kí n tó yọ ohunkóhun mo ka nọ́ńbà tó wà lára dísíìkì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú smartctl -i, mo kọ ọ́ sórí tépù, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ẹ̀. Ẹ má fi ti sda, sdb, sdc tí Linux ń pè wọ́n yẹn ṣe o, orúkọ yẹn lè yí padà téèyàn bá tún server tàn, mo sì ti rí ẹni tó yọ èyí tó yè dípò òkú, ó dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú kan gbáko.

Mo fi fláàṣì tó ní Linux nínú tan kọ̀ǹpútà míì, dísíìkì aláìsàn àti tuntun nìkan ló wà lára ẹ̀.

ddrescue -f -n /dev/sdb /dev/sdc ẹ̀dà.map

Yíyípo àkọ́kọ́ yìí kì í bá ibi tó le jìjàkadì, ó kàn ń kó èyí tó rọrùn. Fáìlì map yẹn ṣe pàtàkì gan-an, òun ló ń rántí ibi tó dé, bí iná bá lọ kò ní padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó tó wákàtí 8. Mo gbé fáànù kékeré sídìí dísíìkì aláìsàn náà kó lè tutù, mi ò sì kúrò nídìí ẹ̀. Nígbà tó parí, bíi 3MB ló kù. Mo tún un ṣe pẹ̀lú -d -r3 kó padà lọ síbi tó le lẹ́ẹ̀mẹta sí i. Ìyẹn gbà tó wákàtí méjì, ó wá ṣẹ́ ku 20480 báìtì, ìyẹn sẹ́kítọ̀ 5 tó jẹ́ 4096 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú odidi 4TB! Inú mi dùn, mi ò parọ́.

Ọjọ́ kẹta

Mo fi ẹ̀dà sípò aláìsàn, mo gbé aláìsàn pamọ́ sínú ọ̀rá, torí àwọn méjèèjì ti ní àmì RAID kan náà lára, wọn ò gbọ́dọ̀ jọ wà nínú server kan láéláé. Mo so RAID pọ̀ pẹ̀lú mẹ́ta, mo sì ní kó jẹ́ kíkà nìkan, fsck -n, tó ń yẹ ètò fáìlì wò láìyí nǹkan padà, sọ pé kò sí wàhálà.

Àmọ́ báìtì 20480 yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Nínú RAID 5 tí ọ̀kan ti sọ nù, sẹ́kítọ̀ kan tó bàjẹ́ lórí ẹ̀dà kì í ṣe ti ara ẹ̀ nìkan, ó lè ba ohun tí wọ́n ń fi ìṣirò gbé padà fún òkú jẹ́ pẹ̀lú, lórí ìlà kan náà. Torí náà mo jókòó, mo fi ìwé àti bírò ṣírò ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bọ́ sí lórí md0, mo wá fi debugfs, icheck lẹ́yìn náà ncheck, béèrè pé fáìlì ta ni. Gbogbo àárọ̀ ni mo fi ṣe é. Ọ̀pọ̀ bọ́ sí àyè òfìfo, ọ̀kan bọ́ sínú lọ́ọ̀gù àtijọ́, ọ̀kan tó kù jẹ́ PDF íńfọ́ìsì kan, sístà sì tún un tẹ̀ jáde láti inú dátábéèsì. Mo sọ orúkọ fáìlì yẹn fún wọn, mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i lẹ́yìn ọdún méjì.

Mo kó gbogbo nǹkan tó wà lórí ẹ̀ lọ sórí ẹ̀rọ míì pátápátá. Ìgbà yẹn ni mo tó kì dísíìkì tuntun kejì bọ ipò òkú:

sgdisk -R /dev/sdc /dev/sda
sgdisk -G /dev/sdc
mdadm --manage /dev/md0 --add /dev/sdc1

Ẹ ṣọ́ra fún ìlà àkọ́kọ́ yẹn, tó ń da bí wọ́n ṣe pín dísíìkì kan kọ sórí òmíì, èyí tí wọ́n ń kọ lé lórí ló ṣáájú, tẹ́ ẹ bá yí i padà ẹ máa pa dísíìkì tó yè rẹ́. Àtúnkọ́ gbà wákàtí 9. Mo fi grub-install sórí gbogbo wọn, kó má jẹ́ pé dísíìkì kan ṣoṣo ló lè tan server.

Ọjọ́ kẹrin dé ọjọ́ keje

Ọ̀gá wọn rò pé iṣẹ́ ti parí. Mo ní rárá sà, ẹ jẹ́ ká kúrò lórí RAID 5 yìí. Mo fi ìṣirò hàn wọ́n: ọ̀pọ̀ dísíìkì kọ̀ǹpútà lásán, ohun tí àwọn tó ṣe é kọ sínú ìwé ẹ̀ ni pé sẹ́kítọ̀ tí kò ṣeé kà lè ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú bíìtì 10^14, ìyẹn bíi 12.5TB kíkà. Àtúnkọ́ tiwọn ń ka mẹ́ta lọ́nà 4TB, 12TB nìyẹn. Lóòótọ́ ọ̀pọ̀ dísíìkì máa ń ṣe dáadáa ju ohun tí ìwé sọ lọ, mi ò sì sọ pé dandan ni kó ṣẹlẹ̀, àmọ́ kò yẹ kí ilé iṣẹ́ gbé ara lé ìyẹn. RAID 6 á gbà kí méjì kú.

mdadm --grow /dev/md0 --level=6 --raid-devices=5 --backup-file=/mnt/ita/md0.bak

Dísíìkì tuntun kẹta ló di ìkarùn-ún. Fáìlì md0.bak yẹn gbọ́dọ̀ wà lórí nǹkan míì tí kì í ṣe md0. Iṣẹ́ yìí lọ́ra bí ìgbín torí ó ń kọ gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀mejì, ibì kan lórí fáìlì yẹn, ibì kan lórí RAID. Ó lé lọ́jọ́ mẹ́ta. Wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ lórí ẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn, ó kàn ń lọ́ra díẹ̀ ni.

Bó ṣe ń lọ mo ṣí inú ilé server wò. Eruku ti bo fáànù iwájú pátápátá, dísíìkì kan sì wà tí súkúrù méjì péré dì mú, ó ń gbọ̀n. Mo nu gbogbo ẹ̀, mo dì í dáadáa, ooru dísíìkì láti 51 wá sí 38. Mo fi scterc,70,70 sórí gbogbo wọn kí wọ́n máa jáwọ́ nínú sẹ́kítọ̀ tó bàjẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 7, kí RAID lè rí i tún ṣe látara àwọn yòókù, dípò kí Linux dúró ìṣẹ́jú àáyá 30 kó tó bínú tì í. Téèyàn bá pa server, dísíìkì ń gbàgbé ètò yìí nígbà míì, torí náà mo kọ ọ́ sínú ohun tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tó bá ń tàn. UPS wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ àmọ́ kò bá server sọ̀rọ̀, mo so ó pọ̀, pé tí bàtìrì bá ti fẹ́ tán kó pa á jẹ́ẹ́jẹ́.

Ọjọ́ kẹjọ

Ọjọ́ yìí ni mo kà sí iṣẹ́ gan-an. Mo yí MAILADDR, ibi tí mdadm ń kọ ìkìlọ̀ sí, kúrò lára root, mo fi ímeèlì èèyàn méjì síbẹ̀, ọ̀gá àti sístà, mo sì kọ skíríìpù kékeré tó ń fi ìkìlọ̀ kan náà ránṣẹ́ sórí fóònù wọn. smartd, ètò tó ń ṣọ́ ìlera dísíìkì, ń ṣe àyẹ̀wò kékeré lóru kọ̀ọ̀kan, ńlá ní gbogbo Sátidé. Mo sì rí i pé àyẹ̀wò RAID oṣooṣù ń lọ, èyí tó ń ka gbogbo sẹ́kítọ̀ wò, torí sẹ́kítọ̀ tó bàjẹ́ sábẹ́ fáìlì tẹ́nì kan ò ṣí fún ọdún méjì kì í pariwo títí dọjọ́ àtúnkọ́.

Èyí tó kù ni èyí tí mo ń bẹ gbogbo ẹni tó ní server pé kí wọ́n ṣe: ní aago 8 àárọ̀ ojoojúmọ́, server á fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ránṣẹ́, pé mo wà dáadáa, dísíìkì márùn-ún pé. Tí ọ̀rọ̀ yẹn ò bá wá, kí wọ́n pè mí. Torí oṣù méje yẹn, bí ìkìlọ̀ ṣe dákẹ́ ni gbogbo wọn rò pé àlàáfíà ni.

Bákọ́ọ̀pù náà, mo pa rsync àtijọ́ yẹn. Ẹ̀dà mẹ́ta ni báyìí, lórí irú ibi ìpamọ́ méjì, ọ̀kan wà níta ilé iṣẹ́. Ẹ̀rọ bákọ́ọ̀pù ló ń wá fà á, server ò ní pásíwọọ̀dù ẹ̀, torí náà bí ẹni ibi bá tiẹ̀ wọ server tó sì ti gbogbo fáìlì pa, kò lè dé ọ̀dọ̀ bákọ́ọ̀pù. RAID ò lè gbà wọ́n lọ́wọ́ ìyẹn, fáìlì tí wọ́n bá pa rẹ́ á parẹ́ lórí dísíìkì márààrún lẹ́ẹ̀kan náà ni.

A gbé e padà wò pẹ̀lú, lórí kọ̀ǹpútà tó ṣófo. Dátábéèsì wọlé, àmọ́ sọ́fítíwíà íńfọ́ìsì kọ̀ ó ní òun ò rí kọ́kọ́rọ́ òun, ó ṣẹlẹ̀ pé kọ́kọ́rọ́ yẹn wà ní fódà kan ní /etc tí kò sí nínú ohun tí à ń kó. Mo fi kún un, a tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ṣiṣẹ́, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú díẹ̀. A kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀, a tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, torí ìwé tó wà lórí server ò ní wúlò lọ́jọ́ tí server bá kú.

Ọ̀sẹ̀ kejì

Ọ̀gá bi mí pé báwo ni òun ṣe máa mọ̀ pé á pariwo lóòótọ́. Ìbéèrè gidi ni. Mo ti fi mdadm --monitor --scan --oneshot --test dán an wò, àmọ́ ìyẹn ìkìlọ̀ ìdánwò ni. Mo ní ẹ jẹ́ ká yọ ọ̀kan. A dúró dìgbà tí iṣẹ́ ọjọ́ náà parí, bákọ́ọ̀pù òru tó kọjá wà nílẹ̀, àyẹ̀wò oṣù ti parí láìsí àṣìṣe, mo ní kí ọ̀gá fọwọ́ ara wọn fà á jáde, èyíkéyìí tó bá wù wọ́n. Wọ́n dì í mú, wọ́n wo ojú mi, wọ́n fà á.

Íńfọ́ìsì tó ṣí lórí kọ̀ǹpútà ò tiẹ̀ mira. A dúró. Kò pé ìṣẹ́jú kan, fóònù sístà dún nínú báàgì ẹ̀, ti ọ̀gá tẹ̀ lé e. Sístà kà á sókè, nọ́ńbà tó wà lórí tépù dísíìkì tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá gan-an ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Mo gba dísíìkì náà, mo kì í padà, mo fi --re-add mú un wọlé, bitmap (àkọsílẹ̀ ibi tó yí padà) tí mo ti tan lẹ́yìn tí RAID 6 parí ló jẹ́ kó kàn kó ohun tó yí padà nìkan, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló gbà. Mo tún tẹ cat /proc/mdstat níwájú wọn: [5/5] [UUUUU]. Dísíìkì kẹfà wà nínú dùrọ́ọ̀ sístà, ó ti gba àyẹ̀wò, tépù ti wà lára ẹ̀.